Ìmọ́lẹ̀ Tó Wọlé Nígbà Tí Àwòrán Jáde

Haarlem, ilẹ̀ Họ́láńdì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ńkọ́? Wọ́n ní iná mànàmáná tún ti ń ṣe ségesège ní àdúgbò yín. Ọlọ́run á bá wa dá sí i. Àlàáfíà ni mo wà níbí. Òtútù mú, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí ẹ rà fún mi ń gbà mí.

Kí n tó gbéra lẹ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má kọ ìtàn òdòdó tulip àti ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí ránṣẹ́ sí yín, pé gbogbo ẹni tó ti Họ́láńdì dé ló ń fi ìyẹn dá wa lágara. Ẹ ní kí n wá nǹkan tí ojú onífọ́tò lè fi ṣe oúnjẹ. Mo ti rí i. Àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì ni. N kò sọ àwòrán Jésù tàbí ti àwọn ẹni mímọ́ o. Inú ilé náà fúnra rẹ̀ ni mò ń wí: òpó, ògiri, àjà, fèrèsé, ilẹ̀. Ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ yìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi jẹun nìyẹn.

Àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Haarlem, tí wọ́n ń pè ní St. Bavo, ojú ọjà gan-an ló dúró sí. Wọ́n ti ń kọ́ ọ láti ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ti wọlé kí wọ́n tó parí rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó fẹ́ wo òkè rẹ̀, fìlà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. Irú ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní Gótíìkì ni. Ẹ mọ ọ̀kan nínú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dáadáa: Kátídírà tó wà ní Marina l'Ékòó, èyí tí Bagan Benjamin ya àwòrán ìkọ́lé rẹ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n, pẹ̀lú fèrèsé olóríṣóńṣó yẹn.

Ọgbọ́n tó wà nídìí ìkọ́lé yìí kò ṣòro láti yé ni. Láyé àtijọ́, ògiri ló ń ru òrùlé. Ìdí nìyẹn tí ògiri fi gbọ́dọ̀ nípọn, tí fèrèsé sì gbọ́dọ̀ kéré. Àwọn ará Faransé ló kọ́kọ́ yí i padà. Ní Saint-Denis lẹ́bàá Paris, láàárín 1140 sí 1144, Suger tó jẹ́ olórí ilé àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ tún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ́. Wọ́n gbé ẹrù òrùlé fún òpó àti fún àwọn egungun òkúta tó pàdé ara wọn lókè. Àwọn tó tẹ̀lé wọn tún na apá òkúta ti ilé láti ìta kó má baà yẹ̀. Nígbà tí ògiri kò ru nǹkan mọ́, wọ́n là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi dígí dí i. Ìmọ́lẹ̀ ni Suger ń wá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń wá, inú dígí pupa àti dígí aláwọ̀ aró ló gbà wọlé.

Ti Haarlem ní ìwà tirẹ̀. Ilẹ̀ Họ́láńdì rọ̀, omi wà lábẹ́ rẹ̀, òkúta tó pọ̀ jù lókè lè mú ilé rì. Nítorí náà, igi kédárì ni wọ́n fi ṣe àjà ibi tí ìjọ ń jókòó. Ẹni tó bá wọlé á rí funfun nísàlẹ̀ àti àwọ̀ igi lókè, ojú á sì máa lọ, á máa bọ̀ láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àwòrán kan tó fi bí igba ọdún ṣáájú ti àwọn ará Haarlem, torí ẹ̀yin ni ẹ máa gbádùn rẹ̀ jù. Jan van Eyck ló yà á, ní nǹkan bí 1438 sí 1440, Berlin ló wà báyìí. Sẹ̀ǹtímítà 31 ni gíga rẹ̀, 14 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ lè kì í bọ àpò agbádá. Màríà dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì Gótíìkì, ó gbé Jésù ọmọ ọwọ́, ó sì ga ju bí ènìyàn ṣe lè ga nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn wọlé, ó sì tàn sílẹ̀ lórí òkúta lẹ́yìn rẹ̀. Ó yá, ẹ wo ibi tí oòrùn yẹn ti wá. Nígbà náà, ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n máa ń kọ pẹpẹ sí. Iwájú wa ni pẹpẹ wà nínú àwòrán yìí, èyí tó túmọ̀ sí pé àríwá ni ọwọ́ òsì wa. Ọwọ́ òsì náà ni ìmọ́lẹ̀ sì gbà wọlé. Ní Yúróòpù, oòrùn kì í gba àríwá kọjá lọ́sàn-án. Erwin Panofsky, ọ̀gá nínú àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn iṣẹ́ ọnà, ló tọ́ka sí i, ó ní ayàwòrán yẹn mọ ohun tó ń ṣe: ìmọ́lẹ̀ náà kì í ṣe ti oòrùn.

Bí ìmọ́lẹ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rí nínú àwòrán nìyẹn nígbà tí Àgùdà nìkan ló wà. Ó ní ẹni tó rán an níṣẹ́.

Àfi bí 1566 ṣe dé tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn ènìyàn ní Flanders àti Họ́láńdì. Àwọn tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Calvin, tí wọ́n ti yapa kúrò lára Àgùdà, ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kiri, wọ́n fọ́ ère, wọ́n fa àwòrán ya. Ti Haarlem pẹ́ díẹ̀. Ìyà mìíràn ló kọ́kọ́ jẹ ìlú náà: ọmọ ogun Spain dó tì í láti òpin 1572 títí di July 1573, ebi ló sì mú un juwọ́ sílẹ̀. Ní May 29, 1578, àwọn ọmọ ogun tó kórìíra Àgùdà já wọ St. Bavo, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n pa àlùfáà kan. Láti ìgbà náà ni ilé náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọ Calvin.

Àwọn onílé tuntun gbé ẹfun. Ẹni mímọ́ tí wọ́n yà sára òpó, ẹfun bò ó mọ́lẹ̀. Pẹpẹ lọ, àbẹ́là lọ, aṣọ olówùú wúrà lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni dígí aláwọ̀ náà ń lọ, dígí tó mọ́ gaara ni wọ́n ń fi sí ipò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe é nítorí ẹwà. Wọ́n fẹ́ kí ojú sinmi kí etí lè gbọ́ ìwàásù ni. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wá di ilé funfun. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wọ ibẹ̀ láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá ògiri, ògiri dá a padà fún òpó, òpó dá a padà fún ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní kí ọmọṣẹ́ na aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó kí òjìji má baà jẹ ẹ́ lójú, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yẹn pátá di aṣọ funfun.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó lé àwòrán kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ń fowó ra àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, tí wọ́n gbé e kọ́ sí yàrá.

Ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà ni Pieter Saenredam. Assendelft, ìletò kan tí kò jìnnà síbí, ni wọ́n bí i sí ní 1597. Jan bàbá rẹ̀, tó ń fín àwòrán sára bàbà, kú ní 1607, ọmọ kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ kó wá sí Haarlem. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Frans de Grebber, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú ní 1623. Jacob van Campen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yàwòrán ilé kíkọ́, ya òun náà ní 1628, ìwé náà sì wà ní British Museum ní London títí dòní: ọkùnrin kúkúrú kan tó yọ iké lẹ́yìn. Ọdún 1628 yẹn náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan St. Bavo, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ní 1665, inú rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Frans Hals, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ú lọ, bá a níbẹ̀ lọ́dún kejì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Á lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á ya ohun tó rí sórí ìwé pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Á fi àmì kékeré sí ibi tí ojú rẹ̀ dojú kọ lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìlà tó ń sá lọ jìnnà gbọ́dọ̀ ti pàdé. Á wọn òpó, á wọn ìbú, á kọ ọjọ́ àti oṣù sí i. Nígbà tó bá délé, á gbé rúlà, á tún gbogbo rẹ̀ yà ní ìwọ̀n tí àwòrán gidi máa jẹ́. Lẹ́yìn náà, á fi dúdú pa ẹ̀yìn ìwé yẹn, á tẹ́ ẹ sórí pákó igi oak, á máa fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yọ sára pákó. Ìgbà náà ni ọ̀dà olóròóró ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Láàárín ìwé àkọ́kọ́ àti ọ̀dà, ọdún mélòó kan lè ti gorí ọdún. Ó máa ń padà sí ìwé àkọ́kọ́ náà láti kọ ọjọ́ tó parí àwòrán sí i. Ẹ rántí pé kò sí kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń tọ́jú fíìmù.

Mo rìn káàkiri yàrá tí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ sí ní Rijksmuseum ní Amsterdam, mò ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Fèrèsé wà níbẹ̀, ó sì ń mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń gún ilẹ̀ bí a ṣe máa ń rí i nínú àwòrán ẹ̀sìn, ṣàṣà ni. Ara ògiri ni ìmọ́lẹ̀ Saenredam ń gbé. Ó wà lára òpó, ó rọra yí i ká, ó sì rọra sú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì láìsí ibi tí ènìyàn lè fi ìka sí pé ibí ni òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Funfun tó lò, òjé ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí funfun gan-an nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fi eérú sí ọ̀kan, ó fi àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ sí òmíràn, ó fi pupa tín-ín-rín tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí sí ẹ̀kẹta. Bí aláró ṣe ń ti inú ìkòkò kan mú ayinrin jáde, tó tún ń mú ẹ̀tù jáde, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú oríṣiríṣi nǹkan jáde látinú ẹfun. Ènìyàn á rò pé ògiri kan náà ni, títí yóò fi dúró pẹ́ níwájú rẹ̀.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti 1636, inú St. Bavo yìí kan náà. Láàárín funfun yẹn ni ó gbé dùùrù ńlá kan kọ́ sókè, èyí tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1460, kí ìjọ Calvin tó wà rárá. Wúrà ló fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwòrán àjíǹde Jésù wà lára ilẹ̀kùn dùùrù náà. Ẹ ò rí i bí? Wọ́n fi ẹfun pa gbogbo ẹni mímọ́ rẹ́, dùùrù ló bá Jésù yọ. Àwọn oníwàásù kan kò fẹ́ dùùrù rárá, wọ́n ní ohun èlò Àgùdà ni, ṣùgbọ́n ìlú ló ń sanwó fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀. Saenredam fi gbogbo àwọ̀ tó ti ń pa mọ́ ná sí ibi kan ṣoṣo yẹn. (Dùùrù tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà báyìí, òmíràn ni o. Christian Müller ló ṣe é láàárín 1735 sí 1738, Mozart sì tẹ̀ ẹ́ ní 1766 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé.)

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò tóbi. Assendelft ni, ọdún 1649. Ọkùnrin náà padà sí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú tí wọ́n bí i sí, èyí tí wọ́n ti wó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, àwọn ènìyàn kéré lọ́hùn-ún, ògiri ga, ìmọ́lẹ̀ rọ̀. Nísàlẹ̀, níwájú gan-an, òkúta sàréè kan tẹ́ sílẹ̀, a sì lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀: ti Jan Saenredam ni, bàbá rẹ̀. Kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kò tan ìmọ́lẹ̀ pàtàkì kankan sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé gbogbo ilẹ̀ náà ló bà lé e.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ṣé kò mọ́ jù. Mo ti bi ara mi. Ní 1636, láti June títí wọ October, Saenredam wà ní Utrecht, ó ń ya ṣọ́ọ̀ṣì méje tó wà níbẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ló ń pa àwọn ènìyàn ìlú náà lọ́dún yẹn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sin òkú sí nígbà náà, abẹ́ ilẹ̀ tí ìjọ ń rìn lé. Bí àrùn bá ń pa ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa hú òkúta ilẹ̀, erùpẹ̀ á máa wà níta, òórùn á máa wà pẹ̀lú. Ẹ wo àwòrán rẹ̀: ilẹ̀ tẹ́jú, kò sí ṣọ́bìrì, kò sí ẹni tó ń sunkún. Ọkùnrin tó wọn òpó dé ìdí, tó kọ ọjọ́ oṣù sí gbogbo ìwé, kò kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣé irọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin náà máa ń ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi kúrò lẹ́yìn bàbá arúgbó kí ẹ tó yà á. Lójú tèmi, kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ná an. Ìparọ́rọ́ tí gbogbo ayé ń yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀, apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó pinnu pé òun kò ní wo ibì kan.

Emanuel de Witte wò ó. Alkmaar ni wọ́n bí ìyẹn sí ní nǹkan bí 1617, ó ṣiṣẹ́ ní Delft kí ó tó kó lọ sí Amsterdam, ó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi kú. Nínú àwòrán tirẹ̀, oòrùn bọ́ sílẹ̀ gbàrà lórí òkúta, òpó kan dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e ń tàn yòò, àwọn ọkùnrin wọ aṣọ dúdú gígùn, ajá ń rìn kiri. Ọ̀kan wà tí ẹni tó ń gbẹ́ sàréè wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa ojú ènìyàn. Ọmọ kékeré á kọ́kọ́ sáré lọ bá tirẹ̀ kó tó yíjú sí Saenredam.

Ṣùgbọ́n ilé tó ń yà, ẹ má gbà á gbọ́. Ó máa ń mú òpó láti Oude Kerk, kó mú fèrèsé láti Nieuwe Kerk, ṣọ́ọ̀ṣì méjì ní Amsterdam, kó pa wọ́n pọ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì kẹta tí kò sí níbì kankan. Òun ló ń yan ibi tí oòrùn máa bà, lẹ́yìn náà ló ń kọ́ ilé yí i ká. Ọgbọ́n ni, mo gbà. Nígbà tó fẹ́ ya sínágọ́gù tuntun tí àwọn Júù láti Portugal kọ́ ní Amsterdam, ní 1680, ó fi ọ̀wọ̀ wọ ilé yẹn bó ṣe rí, ìyẹn sì dára púpọ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Houbraken, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán ilẹ̀ náà, sọ pé gbèsè àti ìjà ló gbé e dé etí omi ní ìgbà òtútù 1692, wọ́n sì rí òkú rẹ̀ nígbà tí yìnyín yọ́.

Mo lọ sí Utrecht náà. Mo fẹ́ wọ Buurkerk, ọ̀kan nínú àwọn méje tí Saenredam yà lọ́dún àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe báyìí: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún àwọn ẹ̀rọ tó ń kọrin fúnra wọn, dùùrù ńlá tí wọ́n máa ń tì kiri ìgboro, aago tó ń lu agogo, àpótí orin lóríṣiríṣi. Àwọn ọmọ ilé ìwé kún ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dún pọ̀. Mo gbójú sókè wo òpó. Òpó kò yí padà.

Inú ilé yìí ni Saenredam jókòó sí ní August 1636. Ìwé tó yà níjọ́ náà di àwòrán méjì. Èkíní, ti 1644, wà ní National Gallery ní London. Ìkejì, ti 1645, ti dé Fort Worth ní Texas. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́jọ láti ìwé dé pákó. Nísàlẹ̀ èyí tó wà ní London, ọmọkùnrin kan dojú kọ ògiri tó mọ́ yẹn, ó ń ya nǹkan sí i. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin lórí ẹṣin kan ni, àwọn ọmọ Aymon inú ìtàn àtijọ́, lórí Bayard ẹṣin wọn. Ìyà ńlá yóò jẹ ọmọ náà bí bàbá ṣọ́ọ̀ṣì bá dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọmọ yẹn ni Saenredam kọ orúkọ tirẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, àti 1644 sí, bí ẹni pé òun náà ló ń ba ògiri jẹ́. Ọmọ kejì jókòó, ó ń kọ́ ajá kan. Nítorí náà, ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọkùnrin yìí ń lé àwọn ènìyàn àti ajá jáde, àti pé nígbà tó bá gba ẹnì kan láàyè láti dọ̀tí ẹfun náà, ayàwòrán ló ń gbà láàyè.

Láti Buurkerk sí ilé gogoro Dom, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì Utrecht, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn ín láìmí. Gogoro náà ga tó mítà 112. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wà lódìkejì rẹ̀, ojúde gbalasa sì wà láàárín méjèèjì, tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Nínú ojúde yẹn ni ìjọ ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ní August 1, 1674, ìjì líle kan wó gbogbo àárín ṣọ́ọ̀ṣì náà lulẹ̀, wọn kò sì tún un kọ́ mọ́. Wọ́n fi òkúta sàmì sí ilẹ̀ láti fi ibi tí òpó wà hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú rẹ̀ kí ìjì tó dé, ìwé tí ọkùnrin oníké yẹn yà ní 1636 wà lára àwọn ẹlẹ́rìí díẹ̀ tó kù. Ìgbà tí mo dúró níbẹ̀ ni mo wá rí ìwúlò rúlà rẹ̀. De Witte ì bá ti ya ibẹ̀ fún wa pẹ̀lú oòrùn tó lẹ́wà gan-an, a kò sì ní lè gbé òpó kan padà sí ipò rẹ̀ látinú rẹ̀.

Ọ̀la ni mò ń lọ sí Delft. Gerard Houckgeest ya sàréè William ti Orange, olórí àwọn tó dìde sí Spain, níbẹ̀ ní 1650, kò yà á láti iwájú bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ kí òpó dí apá kan rẹ̀. Mo fẹ́ wá ibi tó dúró sí. Bí wọ́n bá gbà mí láyè, màá yà á ní fọ́tò láti ibẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sọ fún mi bí màá ṣe ṣí ẹnu lẹ́ńsì tó nínú ilé funfun bẹ́ẹ̀, torí gbogbo èyí tí mo yà ní Haarlem, ògiri ló jẹ gbogbo rẹ̀, kámẹ́rà kò rí nǹkan mìíràn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ra èyí tó dára jù, owó kò sí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti gbogbo ará ilé. Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń jẹun.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín.